Fíìmù Tí Wọ́n Fọ Ẹnu Ẹ̀

Ká má parọ́, bí a bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìranù kúrò nínú fídíò, Agéfíìmù ni. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Bí ìyàwó bá tẹ aṣọ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi imú gbálẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, á gé e. Bí ọ̀rẹ́ ọkọ bá mu àmupara tó wá ń bá òpó sọ̀rọ̀, á gé e. Òkè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ wà: yàrá kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà méjì, àga kan tí apá ẹ̀ ti yọ, àti fáànù kan tó ń ké bí adìẹ tó fẹ́ yé. Kò sí onígbèéyàwó ládùúgbò tí kò mọ àtẹ̀gùn ibẹ̀. "Gbé e lọ bá Agéfíìmù," ni wọ́n máa ń wí, "á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní."

Àṣé ẹni tó ń bá gbogbo ayé fọ tiwọn, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n á kó ti ilé bàbá ẹ̀ wá bá a.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló kó o wá. Àkọ́bí ni, ọ̀gá iléèwé sì ni. Gbogbo ẹbí, títí kan ìyá tó bí i lọ́mọ, Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sán Sátidé ló gun àtẹ̀gùn wá. Ó gbé páálí bàtà kan kalẹ̀ sórí tábìlì, ó fi rúlà onígi kan tì í, ó fi ìnujú nu àga dáadáa, ó tó wá jókòó. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́rin ló wà nínú páálí náà, àwọn gbàǹgbà ayé àtijọ́ un, tí eruku ti sọ dúdú wọn di eérú.

"Fídíò Bàámi nìyẹn," ni Ọ̀gá wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, Màámi á pé àádọ́rin ọdún. Gbogbo wa la máa jókòó wò ó lọ́jọ́ náà. Àwọn àna mi náà ń bọ̀."

Agéfíìmù na ọwọ́ sí páálí náà, ó tún fà á sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Káfíńtà ni bàbá wọn. Oyún Agéfíìmù ti pé oṣù méje nínú ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá náà já bọ́ látorí òrùlé tó ń kàn, tí kò sì dìde mọ́. Ọmọ ò rí bàbá, bàbá ò rí ọmọ. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nílé, bàbá sì dijú nínú ẹ̀ bí ẹni tí ata kó sí lójú. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ó ní kámẹ́rà tó máa ń gbé káàkiri ilé bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, ṣùgbọ́n àpótí Ọ̀gá ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà. Láti kékeré ni Agéfíìmù ti ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá òun. "Wọ́n ti bàjẹ́," ni Ọ̀gá máa ń dá a lóhùn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń bàjẹ́. Bíbàjẹ́ wo? Wọ́n rèé lórí tábìlì, wọn ò ṣe nǹkan kan.

"Àmọ́ o," Ọ̀gá na ìka sókè, "o máa kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ọtí wà níbẹ̀. Ìhòòhò wà níbẹ̀. Èébú sì wà níbẹ̀ bíi yanrìn. Àwọn ọmọdé máa wò ó, àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi máa wò ó. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sọ pé inú ilé ẹlẹ́nu àìmọ́ làwọn ti lọ fẹ́yàwó. Èmi àtìwọ la jọ máa jókòó. Ibi tí mo bá ti fi rúlà lu tábìlì, gé e."

"Bá a bá gé e tán ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Àwọn kásẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Màá sun wọ́n."

Ẹ gbà mí! Àmọ́ kí ni Agéfíìmù fẹ́ sọ? Ọ̀gá ló tọ́ ọ. Ọ̀gá ló ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wọn bá lọ síbi iṣẹ́, Ọ̀gá ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà, Ọ̀gá náà ló ra kọ̀ǹpútà tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú gbogbo títọ́ tó tọ́ ọ yìí, kò bú u rí, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bú u. Bí ọmọ kan bá pè é ní ọ̀dẹ̀ lójú pópó, Ọ̀gá á wọlé lọ bá ìyá ọmọ náà. "Ẹyin lohùn," á ní, "bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́." Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wo irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ lójú kó ní òun ò gbà? Ó ní ó dáa.

Ó lọ yá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe. Ó fi òwú àti spírítì nu inú ẹ̀, ó so wáyà ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn méjèèjì jókòó. Ojú kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń ṣe wíríwírí, àwòrán wá yọ: àgbàlá kan, èérún igi nílẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan tó ń kàwé lórí àpótí, tó fajú ro kókó. Ọ̀gá nìyẹn! Bó ṣe ń fajú ro lónìí náà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn kan sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn kámẹ́rà.

"Ẹ wá wò ó bó ṣe ń wò mí! Ìwọ ìṣó títẹ̀ yìí, ta ló gbá ọ lórí? Rẹ́rìn-ín jàre, eyín ẹ ò ní já bọ́!"

Pá! Rúlà dún.

Agéfíìmù ò gbọ́ rúlà. Látọjọ́ tó ti dáyé ló ti ń rò ó pé ohùn bàbá òun á nípọn, á máa dún bí ilẹ̀kùn ilé ńlá. Rárá o. Ohùn náà tínrín díẹ̀, ẹ̀rín ti kún un débi pé ó ń dà sílẹ̀, ó sì jọ ti òun alára bí ìgbà téèyàn sọ̀rọ̀ sínú kànga.

"Mo ní kó o gé e," ni Ọ̀gá wí.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bàbá yẹn ló ń gbé kámẹ́rà, torí náà kò sí ojú ẹ̀ níbì kankan nínú fídíò. Ẹnu ẹ̀ nìkan ló wà. Ẹnu náà ẹ̀wẹ̀, kò mọ gbólóhùn kan sọ kí èébú má sí níbẹ̀. Kì í ṣe èébú ìbínú o, èébú ìfẹ́ ni, gbogbo ẹ̀ ló sì ń ta òórùn igi. Ìyàwó ẹ̀ ń jó nínú pẹtikóòtì, ó pè é ní àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọkùnrin ẹ̀ tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ń sáré kiri níhòòhò pẹ̀lú ọṣẹ lórí, ó pè é ní òòlù tí kò lórí. Ará ilé kejì mutí dé, ó ní, "Pákó tó mumi yó ti ń bọ̀!" Àní ológbò tó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ tiẹ̀, ó kọjá lára ẹ̀, ó ní, "Ayùn tí ò leyín, o ò ṣiṣẹ́ lónìí náà."

Pá! Pá! Pá! Agéfíìmù ń gé, ó ń jẹ ètè kó má baà rẹ́rìn-ín. Wákàtí mẹ́rin ni kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gé wọn tán, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù, ohun tó sì wà nínú ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà ni ògiri, ẹsẹ̀ ẹnì kan, àti ológbò.

Ọ̀gá wò ó títí. "Kí lèyí? Ta ló fẹ́ wá wo ògiri lọ́jọ́ ìbí?"

"Ohun tẹ́ ẹ ní kí n gé ni mo gé, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbà, a lè fi àwòrán sílẹ̀, ká pa ohùn nìkan níbi tí èébú bá ti wà. Ti ìhòòhò, màá fi kùrukùru bò ó."

Ọ̀gá rò ó, ó gbà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ohùn bàbá bá ti gòkè lójú kọ̀ǹpútà bí eyín òòyà, Agéfíìmù á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ìlà gbọọrọ, ohùn á kú pátápátá. Ó ń ṣe é, ó ń dùn ún. Ìgbà wo ló rí i gbọ́ tó tún fi ń pa á?

Wọ́n wá dé kásẹ́ẹ̀tì kẹrin. Ìyá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ikùn ẹ̀ ti yọ síta gbẹ̀ǹdù. Kámẹ́rà ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó wá dojú kọ ikùn náà gan-an.

"Ìwọ ọ̀lẹ inú lọ́hùn-ún!" ni ohùn náà kígbe. "O ti sùn tó! Jáde wá, kó o wá gba kámẹ́rà yìí lọ́wọ́ mi, apá ń ro mí!"

Agéfíìmù dìde. Àga dojú dé lẹ́yìn ẹ̀, kò mọ̀. Ó yí i padà, ó tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Òun mà ni! Òun ni bàbá òun ń bá wí! Ẹ rò ó wò, iṣẹ́ fídíò náà ló sì wá ń ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, "mo ti gé gbogbo ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi eléyìí sílẹ̀. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò bá mi sọ òmíràn rí."

Rúlà Ọ̀gá wà lókè. Ó pẹ́ lókè díẹ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n.

"Ọ̀lẹ ló pè ọ́," ó ní. "Èmi ò tọ́ ọ̀lẹ." Pá!

Agéfíìmù pa á. Ọ̀gá ní kó pa gbogbo ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́ pẹ̀lú, ó pa á rẹ́ lójú ẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò dọ́gbọ́n fi ẹyọ kan pa mọ́. Ọmọ tí Ọ̀gá tọ́ kì í purọ́ fún Ọ̀gá, ìyà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá kó kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú páálí, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Agéfíìmù nìkan jókòó, ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu ara ẹ̀ kó má baà gbàgbé, "Ìwọ ọ̀lẹ inú lọ́hùn-ún, ìwọ ọ̀lẹ inú lọ́hùn-ún," títí onígbàjámọ̀ fi pariwo láti ìsàlẹ̀ pé ta ló ń bú òun.

Ọjọ́ ìbí pé. Yàrá ìgbàlejò ìyá wọn kún dẹ́nu. Àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́fà tẹ́ sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ìyá wọn wà nínú àga tìmùtìmù, ọmọ kejì, òòlù tí kò lórí ọjọ́sí, tó ti di mẹkáníìkì oníkùn ńlá onírùnmú, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn àna, bàbá àti ìyá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ Ọ̀gá, jókòó gán-án bí ẹni tó wá ṣe ìdánwò. Bàbá àna ga débi pé orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Agéfíìmù dúró ti ẹ̀rọ. Kò fẹ́ wò ó, kò sì lè ṣe kó má wò ó.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kékeré kan ń sáré lágbàálá, kùrukùru funfun kan ń sáré tẹ̀ lé e.

"Bàbá wa," ọmọ Mẹkáníìkì béèrè, "kí ló dé tí kùrukùru ń lé ìdí yín kiri?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wúkọ́. Ó wá kan ibi tí òun fúnra ẹ̀ ti ń kàwé lórí àpótí. Ohùn kú.

Ìyá wọn dẹ etí. "Kí ló ṣe é? Àbí etí mi ni?"

"Kásẹ́ẹ̀tì ló ti gbó, Màámi," ni Ọ̀gá wí. Irọ́ o! Ọ̀gá purọ́ lójú gbogbo ayé!

"Ó gbó kẹ̀? Ẹ má ṣèyọnu, mo mọ ohun tó sọ níbẹ̀." Ìyá wọn na ọrùn, ó sọ ohùn ẹ̀ di ti ọkùnrin, ó ní: "Ẹ wá wò ó bó ṣe ń wò mí! Ìwọ ìṣó títẹ̀ yìí, ta ló gbá ọ lórí?"

Gbogbo wọn yíjú sí Ọ̀gá, ìṣó títẹ̀ fúnra ẹ̀, pẹ̀lú gèlè ẹ̀ lórí. Bàbá àna ló kọ́kọ́ tú jáde. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀ gbì, ó gbá itan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sórí àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọdé náà gbè é. Láti ìgbà yẹn lọ, ibi tí ohùn bá ti kú báyìí, wọn ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, ìyá ni wọ́n ń wò.

"Ìyá àgbà, èyí ńkọ́?"

"Òòlù tí kò lórí! Bàbá yín ló ń bá wí."

"Èyí náà ńkọ́?"

"Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Èmi nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n jó nígbà yẹn, ẹ má wo bí mo ṣe dà!"

Ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá àna ṣe? Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ká ní wọ́n wà láyé, kí ni wọn ì bá pe èmi?"

Ìyá wọn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. "Àkàbà," ó ní, "àkàbà tí kò rí ògiri fẹ̀yìn tì."

Àkàbà pàtẹ́wọ́, inú ẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó ní kí ìyàwó òun kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun má baà gbàgbé. Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnì kan ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Agéfíìmù nìkan ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mọ ohun tó kàn. Ìyá wọn yọ sójú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ikùn àti bọ́tìnnì. Kámẹ́rà sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ ba. Ohùn kú. Gbogbo ilé yíjú sí ìyá.

Ìyá wọn lanu. Ó pa á dé. Ó tún un là. "Èyí..." ó ní. "Ẹ dákun, kí ló wí níbẹ̀? Abẹ́rẹ́ ló gún mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ń rẹ́rìn-ín... Ẹ wò ó, ó ti lọ."

Agéfíìmù mọ̀ ọ́n. Ó ti wà lórí ahọ́n ẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ́ bàbá fún ara ẹ̀? Ó wolẹ̀.

"Ìwọ ọ̀lẹ inú lọ́hùn-ún!"

Gbogbo wọn yíjú. Ọ̀gá ni. Ó ti dìde, gèlè ti yẹ̀ lórí ẹ̀, ohùn tó sì ti ẹnu ẹ̀ jáde tínrín, ó kún fún ẹ̀rín. "O ti sùn tó! Jáde wá, kó o wá gba kámẹ́rà yìí lọ́wọ́ mi, apá ń ro mí!" Ó mí kanlẹ̀. "Dá ẹ̀rọ yẹn dúró."

Agéfíìmù dá a dúró.

"Kásẹ́ẹ̀tì tán níbẹ̀," ni Ọ̀gá wí, "àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán. Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó yíjú sí mi. Ó ní, 'Ìwọ ìṣó títẹ̀, bí ọ̀lẹ yìí bá dé tí mi ò bá sí nílé, ìwọ ni kó o máa bá mi bú u. Bú u dáadáa o, kó má lọ rò pé òun ṣìlé wọ̀.' Mo ń bínú sí i torí ìṣó títẹ̀ yẹn. Mi ò dá a lóhùn. Ọjọ́ kẹta ẹ̀ ló ń lọ síbi iṣẹ́, ó tún pè mí bẹ́ẹ̀ látẹnu ọ̀nà, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Òrùlé yẹn ló gùn lọ́jọ́ náà." Ó nu imú. "Mo wá sọ pé èébú kankan ò ní wọ ilé yìí mọ́ láé."

Ìyá wọn fà á mọ́ra láti ibi tó jókòó. Ọ̀gá bọ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó rìn lọ bá àbúrò ẹ̀, ó dúró níwájú ẹ̀. Ó wò ó látòkè délẹ̀. Ẹni tí ò bú èèyàn láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ ò mọ̀ pé kò rọrùn.

"Ìwọ..." ó bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ pákó. Ìwọ pákó àgékù yìí! Ta ló ní kó o pa ohùn Bàámi? Ṣé gbogbo ohun tí mo bá ti ní kó o ṣe lo máa ń ṣe ni, olórí kunkun tí ò mọ ibi tó yẹ kó ti ṣorí kunkun? Kí lò ń wò? Mi ò lè sun wọ́n, wọ́n wà nínú búùtù ọkọ̀ mi. Sáré lọ kó wọn wá, ọ̀lẹ! Ọ̀lẹ burúkú!"

Agéfíìmù gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fò kọjá lórí àwọn ọmọdé, ó forí gbá ilẹ̀kùn, kò tiẹ̀ dúró fi ọwọ́ pa á. Omijé ń dà lójú ẹ̀ wọ ẹ̀rín tó wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ti dé ìdí ọkọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ìta, tó ń pariwo bí ọmọ ọdún márùn-ún:

"Ẹ̀gbọ́n mi! Mi ò gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ!"